Ẹni tí Ọ̀tá Ń Wò: Ìtàn Ipò Táńkì nínú Eré Àgbéwọ̀, 1974 sí 2015

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ eré orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ti ń kó ara wọn jọ láti bá ẹ̀dá abàmì jà, ẹnì kan máa ń wà tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kì í ṣe láti pa ọ̀tá, tí kì í sì í ṣe láti wo ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni sàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ọ̀tá máa lù ú, kí ó má baà rí ààyè lu ẹlòmíràn. Táńkì ni àwọn olùṣeré káàkiri àgbáyé ń pe ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín sí: awonisàn, tí ń dá ẹ̀mí tí ó ń dínkù padà sí ara táńkì, àti apọ̀tá, tí ń fi idà, ọfà tàbí idán ṣiṣẹ́ títí ọ̀tá yóò fi ṣubú. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, lórí àwọn mẹ́ta yìí sì ni ìjà ẹgbẹ́ dúró lé nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Eré tí olùṣeré ti ń gbé ìwà, iṣẹ́ àti àwọ̀ ẹ̀dá mìíràn wọ̀ ni, nítorí náà eré àgbéwọ̀ ni àròkọ yìí yóò máa pè é.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé agbára ara ni ó ń sọ ènìyàn di táńkì: kí ẹ̀mí rẹ̀ pọ̀, kí ẹ̀wù irin rẹ̀ nípọn, kí asà rẹ̀ tóbi. Ìtàn kò gbè sẹ́yìn èrò yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni jagunjagun tí ara rẹ̀ le ti wà nínú eré àgbéwọ̀, ṣùgbọ́n ó gbà tó ọdún 25 kí ipò táńkì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ìbéèrè kan ni kò tíì rí ìdáhùn: kí ni yóò mú kí ọ̀tá kọjú sí ẹni tí ara rẹ̀ le jù, nígbà tí ẹni tí ara rẹ̀ rọ̀ jù wà nítòsí? Ìdáhùn tí oríṣiríṣi eré fún ìbéèrè yìí ni ìtàn táńkì. Ìdáhùn náà kò sì wá lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àṣẹ ti ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró níwájú, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ń wúwo sí i lọ́rùn rẹ̀, títí ó fi di pé àwọn tí ó ni eré ní láti fi ẹ̀bùn tu àwọn ènìyàn lójú kí wọ́n tó gbà láti ṣe é.

Orúkọ tí ó ti inú àṣírí wá

Létí Yorùbá, táńkì ni ohun tí a ń tọ́jú omi sí lórí òpó lẹ́yìn ilé, tàbí èyí tí epo ń wà nínú rẹ̀ lára ọkọ̀. Ìtumọ̀ yìí kò jìnnà sí orísun orúkọ náà bí ènìyàn ti lè rò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ ọkọ̀ ogun onírin tí ó lè gun kòtò àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún kọjá, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ará Jámánì gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ohun ìgbómi ni wọ́n ń rọ ní ilé iṣẹ́ tí ó wà ní ìlú Lincoln. Orúkọ tí wọ́n fi bo àṣírí yẹn ni ó mọ́ ọkọ̀ náà lára títí di òní. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916 ni ó kọ́kọ́ wọ ojú ogun, ní Flers àti Courcelette, nínú ogun Somme ní ilẹ̀ Faransé.

Àwòrán ọkọ̀ yìí ni orúkọ náà ń mú wá sọ́kàn nínú eré: ohun tí ó wúwo, tí ó ń lọ níwájú, tí ọta ń bà tí kò sì wó. Àfiwé náà bá a mu ní apá kan, ó sì kù káàtó ní apá kejì. Lójú ogun, ọkọ̀ onírin kì í bẹ ọ̀tá pé kí ó yìnbọn lu òun. Bí yóò ti já ìlà ọ̀tá ni ó ń wá. Táńkì inú eré kò wá ohun mìíràn ju pé kí ọ̀tá kọjú sí òun lọ. Orúkọ náà ṣàpèjúwe ara rẹ̀, kò ṣàpèjúwe iṣẹ́ rẹ̀. Láti mọ bí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, orí tábìlì ni a ó ti wò ó.

Ògiri àti adarí eré: 1974

Ní oṣù Kìíní ọdún 1974 ni Gary Gygax, tí ó ń gbé ní Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, àti Dave Arneson, ará Minnesota, gbé eré Dungeons & Dragons jáde. Ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Láti inú eré ogun orí tábìlì ni ó ti hù jáde, irú èyí tí Gygax àti Jeff Perren ti kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé Chainmail ní ọdún 1971. Nínú eré ogun, olùṣeré kan a máa darí odidi ọ̀wọ́ ọmọ ogun. Nínú eré tuntun yìí, ẹ̀dá kan ni olùṣeré kọ̀ọ̀kan ń gbé wọ̀, tí wọ́n sì jọ ń rìn wọ inú ihò abẹ́ ilẹ̀ bí ẹgbẹ́.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìwé àkọ́kọ́ là sílẹ̀: jagunjagun, onídán àti àlùfáà. Jagunjagun lè wọ ẹ̀wù irin èyíkéyìí. Onídán kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ rárá, ọ̀bẹ aṣóró nìkan sì ni ohun ìjà rẹ̀. Ní ọdún 1975, ìwé àfikún tí wọ́n pè ní Greyhawk fi ìyàtọ̀ náà sínú ẹ̀mí wọn gan-an: dáìsì olójú mẹ́jọ ni jagunjagun ń jù láti mọ bí ẹ̀mí òun yóò ti pọ̀ tó, olójú mẹ́fà ni ti àlùfáà, olójú mẹ́rin ni ti onídán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Onídán tí ó ti dàgbà nínú iṣẹ́ rẹ̀ lè fi iná jó agbo ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò fi ara gba idà fún un kí ó tó ráyè ṣe é.

Síbẹ̀, kì í ṣe agbára kan tí ó wà lọ́wọ́ jagunjagun ni ó ń mú kí ọ̀tá lù ú. Ohun méjì mìíràn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ ni ògiri. Ọ̀nà inú ihò a máa há, ẹgbẹ́ a sì tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹlẹ́wù irin níwájú, onídán lẹ́yìn. Ọ̀tá tí ó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ onídán ní láti gba orí jagunjagun kọjá. Èkejì ni ènìyàn. Adarí eré ni ó ń ṣe ọkàn fún gbogbo ọ̀tá. Ó lè pinnu pé ẹranko tí ebi ń pa yóò bu ẹni tí ó sún mọ́ ọn jẹ, tàbí pé ọ̀tá tí ó gbọ́n yóò fi ẹlẹ́wù irin sílẹ̀, tí yóò sì máa wá onídán kiri. Jagunjagun kò ní àṣẹ kankan lórí ọkàn yẹn. Bí wọ́n bá bọ́ sí pápá gbalasa, tí ògiri kò sí mọ́, ojúrere adarí eré nìkan ni ó kù fún un.

Ìlà iwájú àti ìlà ẹ̀yìn: 1981 sí 1991

Nígbà tí eré àgbéwọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà, ọkàn adarí eré kò bá a wọlé. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tí ọlọ́gbọ́n ọ̀tá yóò bá jà; òfin àti òǹkà ni ó mọ̀. Nítorí náà, ohun tí ògiri ń ṣe lórí tábìlì ní láti di òfin. Ní ọdún 1981 ni Andrew Greenberg àti Robert Woodhead ṣe Wizardry fún kọ̀ǹpútà Apple II. Ẹni mẹ́fà ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta iwájú ni ọ̀tá lè fi ọwọ́ kàn, àwọn nìkan náà sì ni ó lè fi idà kan ọ̀tá. Àwọn mẹ́ta ẹ̀yìn wà lábẹ́ ààbò, idán sì ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà tóóró inú ihò ti di ìlà kan tí kò ṣeé kọjá.

Eré yìí rí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ní Jàpáánì, níbi tí òye náà ti gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Final Fantasy ti ọdún 1987, ẹni mẹ́rin ni ó tò sójú kan, ìlà kò sì dá ọ̀tá dúró pátápátá. Ní ìdajì ìgbà tí ọ̀tá bá fẹ́ lu ẹnì kan, ẹni àkọ́kọ́ ni yóò lù. Ìdá kan nínú mẹ́rin kan ẹnì kejì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ kan ẹnì kẹta, bákan náà ni ti ẹnì kẹrin. Iwájú kì í ṣe ibì kan mọ́. Ó ti di òǹkà tí a kò lè fi ojú rí. Ní ọdún 1991, Final Fantasy IV tún sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Akọni rẹ̀, Cecil, lẹ́yìn tí ó ti kúrò nínú òkùnkùn tí ó sì di ajagun ìmọ́lẹ̀, a máa fò síwájú ẹlẹgbẹ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ bá ti ń lọ sópin, a sì gba ìlù náà fún un. Níbẹ̀, ààbò ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ipò orí ìlà, ó ti di ìṣe ẹnì kan sí ẹnì kejì.

Ohun kan ṣì kù. Nínú gbogbo eré wọ̀nyí, olùṣeré kan ṣoṣo ni ó ń darí gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tí a fi síwájú kò lè kọ̀, kò lè ṣìṣe fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ipò táńkì kò lè di iṣẹ́ àyàfi tí ènìyàn gidi bá wà nídìí rẹ̀.

Láti Essex dé Copenhagen

Ní ọdún 1978, Roy Trubshaw, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ eré kan tí ó pè ní MUD. Richard Bartle, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bá a ṣe é, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni olùṣeré ń kà, ọ̀rọ̀ ni ó sì ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí kálukú jókòó sídìí ẹ̀rọ tirẹ̀, lè wà nínú ayé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Èyí tí ó kan ìtàn yìí jù ni DikuMUD, tí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà Yunifásítì Copenhagen ní Dẹ́ńmáàkì ṣe, tí wọ́n sì fi lé gbogbo ayé lọ́wọ́ ní ọdún 1991. Diku jẹ́ ìkékúrú orúkọ ẹ̀ka wọn.

Nínú eré ọ̀rọ̀ lásán, yàrá ni ó wà. Kò sí iwájú tàbí ẹ̀yìn nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá wà nínú yàrá kan wà lójú kan náà, ògiri kò sì lè gba onídán sílẹ̀. Àwọn ará Copenhagen fún jagunjagun ní àṣẹ ìgbanisílẹ̀ láti dí àlàfo yìí. Bí ọ̀tá bá ń lu àlùfáà, jagunjagun a tẹ àṣẹ náà. Bí ó bá jẹ́, òun ni yóò bọ́ sí ipò àlùfáà, ọ̀tá a sì kọjú sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn tí à ń tọ̀ yìí, ènìyàn gidi kan ń gba ìlù dípò ènìyàn gidi mìíràn.

Láàárín àwọn olùṣeré MUD ni orúkọ táńkì ti gbilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré tí a kọ́ lórí DikuMUD, ìlà kan a máa hàn nígbà ìjà tí ń sọ bí ara ọ̀tá ti rí, àti bí ara táńkì ti rí. Ẹ̀rọ kò béèrè bóyá jagunjagun ni táńkì yẹn tàbí onídán. Ẹnikẹ́ni tí ọ̀tá bá kọjú sí ní ìṣẹ́jú náà ni ìlà náà ń pè ní táńkì. Èyí fi hàn pé orúkọ náà kò so mọ́ ẹ̀wù irin. Ó so mọ́ ojú ọ̀tá.

Ìkórìíra di òǹkà: 1999

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1999 ni EverQuest jáde láti ọwọ́ Verant Interactive ní San Diego. Àwọn ènìyàn rí ìjọra rẹ̀ pẹ̀lú DikuMUD débi pé, ní ọdún 2000, àwọn tí ó ṣe é ní láti búra nínú ìwé pé àwọn kò lo ètò kọ̀ǹpútà àwọn ará Copenhagen. Ayé tí ó ní òkè, igbó àti òkun ni, ẹgbẹ́ ẹni mẹ́fà ni wọ́n sì ń dá. Pápá rẹ̀ gbòòrò, ọ̀tá sì lè gba ibi tí ó bá wù ú.

Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni pé ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ìwé ìkórìíra kan tí olùṣeré kò lè rí. Ìlù tí ẹnì kan bá lu ọ̀tá náà ń fi kún òǹkà orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yẹn. Idán a fi kún un. Ìwòsàn pàápàá a fi kún un, tó fi jẹ́ pé àlùfáà tí ó ń gba ẹ̀mí táńkì là ń fa ìbínú ọ̀tá sí ara rẹ̀. Ẹni tí òǹkà rẹ̀ bá ga jù ni ọ̀tá yóò lù. Jagunjagun kò lè pa ọ̀tá kíákíá bí onídán, nítorí náà wọ́n fún un ní ìfínràn: ó lè mú ọ̀tá bínú sí òun ju bí ìlù rẹ̀ ti tó lọ. Ìbéèrè ọdún 1974 ti rí ìdáhùn. Ọkàn ọ̀tá, tí ó wà lọ́wọ́ adarí eré tẹ́lẹ̀, ti di òǹkà tí jagunjagun lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sókè.

Ètò ìjà yòókù tò yí ìdáhùn yìí ká. Ìwòsàn ńlá àlùfáà nínú EverQuest ń gba ìṣẹ́jú àáyá 10 kí ó tó jẹ́. Bí ọ̀tá bá lágbára púpọ̀, àwọn àlùfáà a tò, wọ́n a máa bẹ̀rẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, kí ìwòsàn kan máa bọ́ sórí táńkì ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ síra. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè ṣeé ṣe bí ọ̀tá bá ń yí ojú kiri. Nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gba ìlù ni àwọn yòókù ṣe mọ ibi tí wọn yóò ju ìwòsàn sí.

Ẹrù tí ó wà lọ́rùn ẹnì kan: 2004 sí 2011

World of Warcraft, tí Blizzard Entertainment gbé jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ni ó gbé ìlànà yìí dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Nínú rẹ̀, ara kò lè dí ọ̀nà rárá. Ọ̀tá lè gba àárín ara jagunjagun kọjá bí ẹni gba inú afẹ́fẹ́. Ìkórìíra nìkan ni okùn tí táńkì fi so ọ̀tá mọ́lẹ̀. Àwọn olùṣeré dán an wò léraléra títí wọ́n fi mọ ìṣirò rẹ̀: apọ̀tá tí ó wà nítòsí kì í gba ojú ọ̀tá kúrò lára táńkì àfi bí òǹkà rẹ̀ bá kọjá ìdá 110 nínú 100 ti táńkì, ẹni tí ó dúró lókèèrè, ìdá 130. Wọ́n ṣe ètò kéékèèké tí ń fi òǹkà kálukú hàn, ní ọdún 2008 ni Blizzard sì fi irú ìfihàn bẹ́ẹ̀ sínú eré náà fúnra rẹ̀.

Ní Molten Core, tí ogójì ènìyàn máa ń para pọ̀ wọ̀, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún apọ̀tá ni sùúrù: kí táńkì kọ́kọ́ di ojú ọ̀tá mú. Apọ̀tá tí kò bá ní sùúrù ni ọ̀tá ń yí sí, a sì kú kí awonisàn tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n àṣìṣe apọ̀tá kan lè fara pamọ́ sáàárín ọ̀pọ̀. Àṣìṣe táńkì kò ní ibi ìsápamọ́. Òun ni ó ń ṣíwájú, nítorí náà òun ni wọ́n retí pé kí ó mọ ọ̀nà, kí ó mọ ọ̀tá tí a ó kọ́kọ́ kàn, kí ó mọ ìgbà tí a ó dúró. Bí ó bá ṣubú, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò kú lójú ara wọn, gbogbo wọn ni yóò sì mọ ẹni tí ó ṣubú. Ipò tí a dá sílẹ̀ láti gba ìlù ọ̀tá wá di ipò tí ń gba ẹ̀bi ọ̀rẹ́ pẹ̀lú.

Èyí hàn gbangba ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, nígbà tí Blizzard fi ohun èlò kan sínú eré náà tí ń kó àjèjì márùn-ún jọ: táńkì kan, awonisàn kan, apọ̀tá mẹ́ta. Àwọn apọ̀tá dúró pẹ́, nítorí pé àwọn tí ó fẹ́ jẹ́ táńkì kò tó. Láàárín ọ̀rẹ́, ènìyàn lè kọ́ iṣẹ́ iwájú díẹ̀díẹ̀. Láàárín àjèjì tí kò ní sùúrù, ìtìjú ni ó kọ́kọ́ ń bá ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò ẹ̀bùn kún èrè ẹni tí ó bá wọlé ní ipò tí kò bá tó, táńkì ni ó sì sábà ń jẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n gbé ìkórìíra tí ìlù táńkì ń mú wá sókè láti ìlọ́po mẹ́ta sí ìlọ́po márùn-ún. Ìgbésẹ̀ kan san owó ọ̀yà fún ẹrù náà. Èkejì dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Nígbà tí Final Fantasy XIV padà wá ní àkọ̀tun ní ọdún 2013, òun náà ń fún ẹni tí ó bá gba ipò tí ó ṣọ̀wọ́n ní àfikún èrè.

Bóyá a lè ṣe é láìsí táńkì

Ìlànà náà padà sí orí tábìlì tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, ẹ̀dà kẹrin Dungeons & Dragons dá ipò olùdáàbòbò sílẹ̀ ní gbangba, ó sì fún jagunjagun ní àṣẹ láti sàmì sí ọ̀tá. Ọ̀tá tí a bá sàmì sí, tí ó sì lu ẹlòmíràn, yóò pàdánù òǹkà 2 nínú ìgbìyànjú ìlù náà. Adarí eré ṣì lómìnira láti yàn, ṣùgbọ́n ìyàn náà ti ní iye tí yóò san.

Àwọn kan gbìyànjú láti fọ́ ààrò mẹ́ta náà. Guild Wars 2, tí ArenaNet gbé jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, kọ́ eré rẹ̀ lórí pé kí olùṣeré kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú ẹ̀mí ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dúró de awonisàn tàbí táńkì. Òmìnira tí ó mú wá kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fi ìjà ńlá ẹlẹ́ni mẹ́wàá kún eré náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ọ̀tá ńlá àkọ́kọ́ ibẹ̀ ń kọjú sí ẹni tí òǹkà líle ara rẹ̀ bá ga jù. Láìpẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń yan ẹni tí yóò gbé òǹkà yẹn ga. Táńkì ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé táńkì kì í ṣe irú ara kan. Ìbáṣepọ̀ láàárín ẹni mẹ́ta ni: ọ̀tá, ẹni tí ó ń wò, àti ẹni tí kò ráyè wò. Ògiri ni ó kọ́kọ́ dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá, lẹ́yìn náà ni ìlà, lẹ́yìn náà ni àṣẹ ìgbanisílẹ̀, nígbẹ̀yìn ni ìkórìíra tí a sọ di òǹkà. Bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ògiri ni ó ń gbé e lé ènìyàn lọ́wọ́.

Nígbà tí ògiri ń ṣe é, kò sí ẹni tí ó bá ògiri wí. Ìgbà tí ó di ti ènìyàn ni ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀, tí iwájú sì ń ṣófo. Àpò ẹ̀bùn ọdún 2011 dà bí ohun kékeré nínú ìtàn eré, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí tí ó ṣe kedere jù pé dídúró síwájú fún ẹlòmíràn jẹ́ iṣẹ́, àti pé ẹgbẹ́ tí ó bá ń fi ẹ̀gàn san oore fún ẹni tí ń ṣe é yóò dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó rí ẹlòmíràn tí yóò ṣíwájú rẹ̀ wọlé.